Ìmọ́lẹ̀ Tí Àǹtí Tẹ̀ra Tàn Sí Bàbà Ọkọ Rẹ̀

Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló ń pè é ní Àǹtí Tẹ̀ra, nítorí ìmọ́lẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní tẹrahẹ́ẹ̀tì, èyí tó fi ìgbà èwe rẹ̀ kọ́, tó sì fi ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ojú lásán kò lè rí ìmọ́lẹ̀ yìí. Ó wà láàrin ìgbì tó ń gbé ohùn rédíò kiri àti ooru tó ń ti ara iná jáde. Kò lágbára láti jó nǹkan kan, ṣùgbọ́n tó bá gba inú nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá sí òdìkejì, á sọ fún ẹni tó gbédè rẹ̀ bí iná mànàmáná ṣe ń rìn nínú nǹkan náà. Obìnrin náà ga, ó tínrín, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Tí o bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ wolẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó dá ọ lóhùn. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Kì í ṣe ìgbéraga rárá. Ó kàn kórìíra kí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu òun kí òun tún wá máa sáré lé e padà ni.

Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀, ẹlẹ́rìn-ín ni. Baba Iléru ni wọ́n ń pè é. Ibi iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti rí ara wọn. Yàrá iléru wà nísàlẹ̀, yàrá ìmọ́lẹ̀ wà lókè, ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí gílóòbù rẹ̀ kì í pẹ́ jó. Ọkùnrin náà á lọ ẹ̀tù bàbà àti ti àwọn èròjà mìíràn kúnná, á yan án nínú iléru títí á fi di dúdú, á wá tẹ́ ẹ tẹ́ẹ́rẹ́ sórí pẹlẹbẹ kékeré kan tó mọ́ gaara, tí kò tó èékánná àtàǹpàkò, á sì tún gbé e padà sínú iléru. Á fi bébà funfun wé e, á gun àtẹ̀gùn lọ sókè bí ẹni gbé ẹyin, á gbé e lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń bá a bọ̀ báyìí. Ọ̀kan ń sè, ọ̀kan ń tọ́ ọ wò.

Bàbà lásán, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, òun ni wọ́n fi ń ṣe wáyà. Ṣùgbọ́n bàbà tó bá ti bá ọ́síjìn ṣọ̀kan nínú iléru, tí wọ́n tò pọ̀ bó ti yẹ, kì í gbé iná. Ó jókòó bí ọ̀lẹ tí wọ́n rán níṣẹ́. Tí a bá wá fi èròjà àjèjì bíńtín há a láàrin, kó má pọ̀ jù, kó má sì kéré jù, tí a sì gbé e sínú òtútù tó le, ara rẹ̀ á dá ṣáṣá, iná á máa ṣàn nínú rẹ̀ láìsí ohunkóhun tó ń dí i lọ́wọ́. Òtútù yẹn ni wàhálà ibẹ̀. Kò sí ilé tí ènìyàn ń gbé tó tutù tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wá rí èyí tí òtútù tó mọ níwọ̀n á tó fún, orúkọ rẹ̀ kò ní parẹ́ nínú iṣẹ́ náà.

Ìyá Baba Iléru ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Aránṣọ ni Màmá kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, etí rẹ̀ náà kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ pé ìyàwó ọmọ òun ń tan ìmọ́lẹ̀ sí bàbà, ó béèrè pé bàbá ta ni, kí ló sì sọ nù lára bàbá ọ̀hún tí wọ́n ń fi iná wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn lọ́jọ́ náà. Ilé aláyọ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Baba Iléru sáré gun àtẹ̀gùn wá. Kò gbé nǹkan náà bí ẹyin mọ́. Ó ti so wáyà mọ́ pẹlẹbẹ tuntun kan tó fi àpòpọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí ṣe, ó sì ti rì í sínú òtútù díẹ̀díẹ̀. Níbi tí òtútù kò tíì le rárá, ní ìwọ̀n tí gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì máa ń dènà iná, ìdènà tirẹ̀ ti pòórá.

Ó ní, "Tẹ̀ra, òdo ni. Mo tún un ṣe, òdo náà ni."

Obìnrin náà wolẹ̀ díẹ̀. "Ta lẹ ti sọ fún?"

"Ọ̀gá ti mọ̀. Ó dì mọ́ mi. Ọ̀gá tí kì í bọ ènìyàn lọ́wọ́." Ó gbé pẹlẹbẹ náà lé e lọ́wọ́. "Tan ìmọ́lẹ̀ rẹ sí i kí ẹnu gbogbo wọn lè pa dé."

Ó tan án sí i. Iṣẹ́ náà kò ṣeé kánjú ṣe. Ó ti pẹlẹbẹ náà mọ́nú àpótí irin, ó fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó sì fi hílíọ̀mù olómi mú un tutù. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló fi kún ojú ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ máa gbà, torí omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ lásán a máa gbé ìmọ́lẹ̀ tẹrahẹ́ẹ̀tì mì bí iyanrìn ṣe ń gbé omi mì. Lésà ń ta ìmọ́lẹ̀ jáde ní wéréwéré, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú pẹlẹbẹ kọjá, kọ̀ǹpútà sì ń fa ìlà. Tí iná bá ti ń ṣàn láìsí ìdènà nínú bàbà náà, ìlà yẹn kò ní ṣàì yí ojú padà. Àǹtí Tẹ̀ra mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ ìrìn ọkọ rẹ̀ láàrin èrò.

Òtútù dé ìwọ̀n tí ọkọ rẹ̀ wí. Ìlà náà kò yí. Ó kọjá lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́ pé wọ́n ń pe òun. Ó di ìgbà tí òtútù le dé ibi tí gbogbo ayé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kó tó yí.

Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ó ní bóyá afẹ́fẹ́ ń jò wọlé, ó pààrọ̀ òrùka rọ́bà. Ó ní bóyá ohun tó ń wọn òtútù ló ń purọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Níkẹyìn, ó mú pẹlẹbẹ àtijọ́ kan tí ọkọ rẹ̀ ṣe, èyí tí gbogbo wọn ti mọ ìwà rẹ̀, ó gbé e sínú ẹ̀rọ kan náà. Ẹ̀rọ náà sọ ohun tó yẹ kó sọ gan-an. Ó jókòó ti ẹ̀rọ náà. Ì bá wù ú kó jẹ́ ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

Ọjọ́ Sátidé, nígbà tí wọ́n jọ ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, ló tó sọ ọ́.

"Dádì, mo ti wo pẹlẹbẹ yín."

"Ẹn-ẹ́n?"

"Ohun tí wáyà yín sọ kọ́ ni mo rí."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín lákọ̀ọ́kọ́. Ó fún ṣòkòtò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi kọ́. "Kí lo wá rí?"

"Wáyà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń wá. Tó bá ti rí ipa tín-ín-rín kan láti etí kan dé etí kejì, á ní gbogbo ilé ló ṣí sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tèmi, gbogbo yàrá ló ń wọ̀. Nínú pẹlẹbẹ yìí, bóyá ni yàrá tó ṣí tó ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún."

"Ọ̀kan yẹn, ṣé kì í ṣe nǹkan ni?"

"Nǹkan ni. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀kan ni."

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbá etí agbada omi, ó ní bóyá pẹlẹbẹ ọ̀hún ló ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà, òun á fún un ní òmíràn. Ó fún un ní òmíràn lóòótọ́. Bákan náà ni.

Ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà pe Àǹtí Tẹ̀ra sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ẹni tó máa ń fi òróró pa ọ̀rọ̀ lára kó tó fi jáde. Ó ní kó jókòó, ó béèrè àlàáfíà Màmá. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àǹtí wa, iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn kò tíì parí, àbí?"

"Ó ti parí, sà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wò ó, mo sì fi ti àtijọ́ dán ẹ̀rọ wò."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni kan ṣoṣo bá wò, kò tíì parí. Àwọn àlejò ń bọ̀ wá gbọ́ iṣẹ́ tuntun yìí. Àwọn ará òkè tó ń pàṣẹ lé wa lórí fẹ́ gba ilẹ̀ wa yìí fún iṣẹ́ mìíràn, ẹ̀yin náà mọ̀. Ohun tí Baba Iléru fẹ́ sọ ló lè dá wọn dúró. Tí àwọn àlejò bá lọ tán, a ó wá fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀."

Ó dìde láìdáhùn. Ọ̀gá sì gba àìdáhùn rẹ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni.

Nílé, Màmá tó ní òun kì í gbọ́ràn ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ká ìyàwó ọmọ rẹ̀ mọ́ ìdí sítóòfù. "Wọ́n ní ọkọ rẹ ń gun àkàbà, ìwọ lo dì í mú nísàlẹ̀. Ṣé o fẹ́ yọ ọ́ ni?"

"Màmá, àkàbà ọ̀hún ló dá lẹ́sẹ̀ kan. Mo kàn sọ fún wọn ni."

"Kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ná, kí o tó sọ."

Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ kò bínú. Ó bẹ̀ ẹ́ ni, ìyẹn ló sì mú un. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ méjèèjì tí iléru ti jó lápá ibi púpọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Tẹ̀ra, jẹ́ kí n kọjá ọjọ́ yẹn. Mi ò ní purọ́. Ohun tí wáyà sọ nìkan ni màá sọ. Tó bá yá, èmi àti ìwọ á jọ wá ipa tín-ín-rín yẹn rí, a ó sì sọ ìyókù. Má ṣáà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà."

Obìnrin náà wolẹ̀ títí. "Ó dáa," ló wí.

Ilé dùn lọ́sẹ̀ náà. Ọkọ rẹ̀ ń fọ abọ́ kó tó jí. Adùn náà sì ń ta á bí ìgbà tí ṣúgà bá kan eyín tó ti kẹ̀.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Baba Iléru wọ kóòtù tí Màmá fúnra rẹ̀ tún etí rẹ̀ rán, pẹ̀lú gbogbo ojú tó ń dùn ún. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó fi ìlà rẹ̀ hàn lára ògiri, bó ṣe wálẹ̀ gbọọrọ sí òdo, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Àǹtí Tẹ̀ra jókòó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, òun náà ń pàtẹ́wọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà láàrin àwọn àlejò, ìyá àgbàlagbà, irun rẹ̀ ti funfun báláú. Ó na ọwọ́ sókè. "Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ ti fi tẹrahẹ́ẹ̀tì wò ó?"

Baba Iléru la ẹnu. Ọ̀gá ló gbà á sọ láti ìjókòó iwájú. "A ṣì wà lórí rẹ̀, Mà."

"Kò burú. Mo ní àwọn ọmọ kan lọ́dọ̀ mi tí wọ́n ń kàwé gboyè. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀, kí gbogbo wọn bọ́ sídìí àpòpọ̀ yìí. Ó tó ohun tí ọmọ ènìyàn ń fi ọdún ayé rẹ̀ ṣe."

Àwọn ènìyàn mi orí. Ọ̀rọ̀ náà sì kọjá lójú gbogbo wọn, àfi lójú Àǹtí Tẹ̀ra. Nígbà tó wà ní ọmọdébìnrin tó ń kàwé gboyè, olùkọ́ rẹ̀ fi òun náà sídìí àpòpọ̀ kan tí àwọn kan kéde nílẹ̀ òkèèrè. Ó ṣe é títí, kò jinná. Ó rò pé ọwọ́ òun ló burú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe é sunkún fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò sì padà sídìí ìmọ̀ yìí mọ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ pé àwọn tó kéde mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dúró, wọ́n kàn ń retí ìgbà tó máa rọgbọ láti sọ ọ́ ni.

Kò mọ ìgbà tó dìde.

"A ti fi wò ó," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ti dákẹ́. "Èmi ni mo wò ó. Lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tí wáyà ti bọ́ sí òdo, ara bàbà náà kò tíì yí padà. Bóyá ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló ń gbé iná yẹn kọjá. Ipa tín-ín-rín kan ni. Kí àwọn ọmọ yẹn má tíì fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀, Mà."

Gbogbo ojú yí sí orí pèpéle. Baba Iléru fi ẹnu kan ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Òótọ́ ló sọ," ló wí. Ó tọ́ka sí i. "Ìyàwó mi ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde.

Nígbà tí obìnrin náà délé, ó bá a tó ń kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì. Kò pariwo. "Màá lọ lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

"Dádì, àwọn ọmọ yẹn ló…"

"Mo gbọ́ ohun tí o wí. Kò sírọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, o ní ó dáa. Ká ní o ti sọ fún mi pé o kò lè ṣe é, èmi náà ì bá ti mọ ohun tí màá ṣe. O jẹ́ kí n gòkè lọ, kí o tó sọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ obìnrin náà lára. Títí di òní, ìyẹn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù. Kò kábàámọ̀ pé òun dìde. "Ó dáa" tó wí létí bẹ́ẹ̀dì ni kò lè dárí rẹ̀ ji ara rẹ̀.

Màmá kò bá ọmọ rẹ̀ lọ. Ó ní àtẹ̀gùn ilé ẹ̀gbọ́n ti pọ̀ jù fún orúnkún òun. Àwọn obìnrin méjèèjì wá kù sílé, ilé dákẹ́ bí ilé ẹjọ́. Màmá á kọ ojú sí fèrèsé jẹun, á sì bu ti ìyàwó ọmọ rẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Mo ṣì ń bínú o," ló wí lálẹ́ ọjọ́ kẹta.

"Mo mọ̀, Màmá."

"Jẹun. Ẹni tí à ń bá bínú kì í fi ebi kú mọ́ni lọ́wọ́."

Níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó lé e. Ọ̀gá ń kí i pẹ̀lú òróró rẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n wọn kò pè é sí ìpàdé mọ́. Àwọn kan ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀, wọ́n ní akin obìnrin ni. Àwọn tó ń yìn ín wọ̀nyí ló ń dùn ún jù, torí nínú gbogbo ìyìn wọn, ọkọ rẹ̀ ni òpùrọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n onírun funfun tẹ̀ ẹ́ láago láti dúpẹ́. Ó ní, "Ọkùnrin tó ṣe pẹlẹbẹ yẹn, ṣé kò bínú sí yín jù? Mo gbọ́ tó ní ìyàwó òun ni yín, àwa rò pé ó ń ṣàwàdà ni."

"Kì í ṣe àwàdà, Mà. Ọkọ mi ni."

Ìyá náà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi."

Baba Iléru ń wá síbi iṣẹ́. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́ ni pé ó ń gé àwọn pẹlẹbẹ rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó ń fi wáyà kan gbogbo ẹ̀gbẹ́ wọn, ó ń wá ipa tín-ín-rín náà. Wọ́n ní ó ti rí i. Etí pẹlẹbẹ, níbi tó ti kan àwo tí wọ́n gbé e lé nínú iléru, ni èròjà àjèjì náà ti ṣù jọ ju bó ti yẹ lọ. Ó wá ń gbìyànjú láti fi ìwọ̀n ti etí yẹn yan odindi. Ó kùnà, ó tún yan án. Ẹnikẹ́ni tó bá rí níbẹ̀ ló ń fi pẹlẹbẹ rán sí yàrá ìmọ́lẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kì í gòkè.

Òjò ti ń rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ kò sì fẹ́ gbẹ. Àǹtí Tẹ̀ra dojú kọ ẹ̀rọ, ó ń bá ọ̀rinrin jà, nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kò yí padà. Ó mọ ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín.

"Ẹ káàbọ̀."

"Ṣé o ráyè?"

Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bébà funfun náà ni. Ó dè é mọ́nú àpótí irin, ó fa afẹ́fẹ́ jáde, ó jẹ́ kó tutù. Ọkùnrin náà kò jókòó. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára ìlà. Ó ti rù. Òtútù ń lọ sílẹ̀, ìlà ń bọ̀ tààrà. Wọ́n dé ìwọ̀n yẹn. Obìnrin náà rí i pé òun ti di etí tábìlì mú, òun ń bẹ bàbà dúdú náà nínú ọkàn òun pé kó yí. Kò yí. Wọ́n kọjá rẹ̀.

"Kò sí níbẹ̀," ló wí.

"Mo rí i."

Òjò ń lu fèrèsé. Ó retí pé kí ọkọ rẹ̀ gba pẹlẹbẹ náà kó máa lọ, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó ní, "Tí mo bá tún ṣe òmíràn, ṣé wàá wò ó?"

"Ẹ gbé e wá. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá rí ni màá sọ, Dádì. Mo ń sọ ọ́ fún yín báyìí kó má baà di ti ìjọ́sí."

Ọkùnrin náà mi orí. "Ó yẹ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó padà sílé lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà. Màmá ló ṣílẹ̀kùn fún un, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó ti di eegun ẹja. Wọn kò jókòó pa ọ̀rọ̀ náà dé. Àwọn ará òkè ti gba ìdajì ilẹ̀ náà, yàrá iléru sì ti dín kù. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tọkọtaya jọ jáde, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ìkòríta, ọkùnrin náà ní òun fẹ́ ra nǹkan lápá kejì, kó máa lọ. Obìnrin náà mọ̀ pé kò sí nǹkan kan tó fẹ́ rà. Ó ní ó dàbọ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà méjì lọ síbi iṣẹ́ kan náà.